Ọbẹ̀ ni mo fi fọwọ́ o

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní London ló kó bá mi. Ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, pé ṣẹ́ẹ̀fù mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ se oúnjẹ kan, pé àwọn iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà tí wọ́n pàtẹ lábẹ́ àkọlé Nigerian Modernism ní Tate Modern, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní London, lọ́dún 2025 ni wọ́n wò se é. Mo ní ṣé oúnjẹ tí wọ́n wo àwòrán se máa yó èèyàn báyìí? Ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí."

Bá a ṣe jókòó ni wọ́n gbé abọ́ amọ̀ kékeré wá. Wọ́n ní ti Ladi Kwali ni wọ́n wò ṣe é, màmá tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn owó náírà 20 yẹn (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná an tẹ́ ò wẹ̀yìn ẹ̀ rí, ẹ lọ wò ó). Wọ́n fín aláǹgbá àti àkekèé sí i lára, ó rẹwà. Omi ló wà nínú ẹ̀, ó mọ́ gaara, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ewé efinrin kan ṣoṣo ló léfòó lórí ẹ̀. Kò sí ṣíbí.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, wọ́n gbé omi síwájú mi kóúnjẹ tó dé, mo ká agbádá sí èjìká, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo tiẹ̀ ha abẹ́ èékánná. Ìyá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ mi wò mí, òun náà ki tiẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ṣáà gbà pé àwa la ni oúnjẹ.

Ìgbà yẹn ni ṣẹ́ẹ̀fù kan jáde, ó ní pẹ́pẹ́ súùpù ni o, pé ọjọ́ méjì lòun fi sẹ́ ẹ tó fi mọ́ bí omi, pé ká gbé abọ́ sẹ́nu ká mu ún. Ojú tì mí débi pé mo fọwọ́ bojú. Ata! Yéè! Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ṣẹ́ẹ̀fù wá ń dì mọ́ mi, ó rò pé iṣẹ́ ọnà òun ló wọ̀ mí lára.

Nígbà tí omi ìfọwọ́ gidi wá dé, èmi àti ìyá òyìnbó kàn ń wo ara wa ni. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná."