Èló lẹ máa san?

Ní Ìbàdàn, kaṣíà ló ń kọ́kọ́ rí aláìsàn, dókítà ló tẹ̀ lé e. Wàá ra káàdì, wàá san owó àyẹ̀wò, wàá fi rìsíìtì han nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ. Bí ọ̀ràn bá le, dípọ́síìtì ni wọ́n máa bèèrè. Ó ń bí mi nínú dòní. Ṣùgbọ́n kí n tó délé, mo ti mọ iye tó jáde lápò mi.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìnṣọ́ránsì. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ló ń san. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kó lọ rí dókítà àgbà, á jókòó ti kóòdù ìyọ̀ǹda HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì rẹ̀, títí, ẹni tó kówó lọ́wọ́ wá á ti wọlé, á ti jáde.

Ní Houston níbí, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí n lọ ya àwòrán inú orúnkún tí wọ́n ń pè ní MRI. Mo bèèrè iye rẹ̀. Akọ̀wé wò mí bíi pé mo bèèrè owó orí ìyá rẹ̀. Ó ní ìnṣọ́ránsì mi á dá a lóhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé: dọ́là 2,600 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, ìnṣọ́ránsì bá wọn ná an dé 1,150. Mo ti ń dúpẹ́. Àṣé iye kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi àpò ara mi san lọ́dún kí wọ́n tó dá sí i, mi ò sì tíì san án dé ibẹ̀. Èmi ni mo ru gbogbo 1,150.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí kò ní ìnṣọ́ránsì rárá, ya irú rẹ̀ níbòmíì ní 450. Ó kàn ní òun fẹ́ san lójú ẹsẹ̀ ni. Láti 2022, òfin ti ní kí ilé ìwòsàn kọ iye tí wọ́n bá fojú bù fún ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì ṣáájú ọjọ́ ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyá yìí dé pájáwìrì lóru, ta ni yóò fojú bu iye? Wọn ò bèèrè dípọ́síìtì. Òfin pájáwìrì ti ọdún 1986 ò jẹ́ kí wọ́n lé e. Bílì ló wá dé lẹ́yìn, odindi, kò sẹ́ni tó bá a ná an. Èmi ni mo fóònù wọn, mo ní ìyá ò lówó. Obìnrin tó gbé e tẹ kọ̀ǹpútà díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, èló lẹ máa san?"

Mo ní ìdajì. Ó ní kí n fi díẹ̀ sí i.