Ẹ fo àárín
Ọmọ kan níbi lẹ́sìnnì ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta níbí, kọ 101, 103, 105 sójú bọ́ọ̀dù ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó ní prime (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí nǹkan kan ò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀) ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 105 kẹ̀? 3 pín in, 5 pín in, 7 náà ò gbẹ́yìn!

Nọ́ńbà mẹ́ta tí 2 bá là láàárín báyẹn, dandan ni kí 3 pín ọ̀kan. 3, 5, 7 nìkan ló mórí bọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ prime mẹ́rin tó fún mọ́ra, ẹ wá nọ́ńbà tí 2 ò lè pín, àmọ́ tí 15 pín, kẹ́ ẹ yọ 4 àti 2, kẹ́ ẹ fi 2 àti 4 kún un. 105 á bí 101, 103, 107, 109. Àmọ́ 45 á já yín kulẹ̀: 49 ti bà á jẹ́, 7 lọ́nà 7 ni. 195 dáa: 191, 193, 197, 199.

Lẹ́yìn 199, ta ló ti bá mẹ́rin mìíràn bẹ́ẹ̀ pàdé láìlo kọ̀ǹpútà?