Server ilé, apá kẹrin: 100GB tó di 145GB

Òkun o, gbogbo ilé. Mo ti rí ibi tí àyè dísìkì server mi ń bá lọ! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá a, mi ò sì lè sùn láì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ rántí ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé: dísìkì 2TB mẹ́rin nínú raidz1 (ètò ZFS tó ń so dísìkì pọ̀, tí ọ̀kan bá kú, dátà kò ní sọnù), orúkọ pool, ìyẹn àkójọ dísìkì náà, ni okun, Proxmox, ètò tó ń mú VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) ṣiṣẹ́, wà lórí SSD tirẹ̀. ARC, ìyẹn RAM tí ZFS fi ń rántí dátà, ti wà ní 8GB. Network ti dáa.

Lálẹ́ Sátidé, mo dá VM tí màá kó ohùn àwọn àgbà wa sí, àwọn ìtàn àti orin lédè Owé tí mo ti ń gbà sílẹ̀ kiri Kàbà láti bí ọdún méjì. Mo fún un ní 100GB. Mo tẹ `zfs list` kí n kàn wo bó ṣe rí. Lábẹ́ USED: 145G. Mo pa á rẹ́, mo tún un dá, 145G náà ni. Mo dá òmíràn ní 200GB, ó di 290G.

Snapshot (ẹ̀dà ipò àtẹ̀yìnwá tí ZFS ń pa mọ́) ni mo kọ́kọ́ fura sí, kò sí ẹyọ kan. Mo wá mú Thin provision, tí kì í gba àyè àfi tí èèyàn bá kọ nǹkan síbẹ̀, USED bá wálẹ̀ sí bíńtín, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe da FLAC (fáìlì ohùn) 10GB sínú ẹ̀, ó jẹ 14.5GB. Àṣé thin kàn bo ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ ni. Compression kò sì lè ràn mí lọ́wọ́, torí FLAC ti fún ara rẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀.

volblocksize ni, ìyẹn ìwọ̀n block tí ZFS ń gé dísìkì VM sí. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ 8k síbẹ̀, mo wò ó nínú ìlànà àtijọ́ kan, nígbà tí OpenZFS 2.2 ti gbé e sí 16K. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Pẹ̀lú ashift=12, ege tó kéré jù tí dísìkì ń gbà ni 4K. 8K jẹ́ ege méjì. Raidz1 fi parity kan (ege tí a fi ń tún dátà kọ́ tí dísìkì kan bá kú) kún un, ó di mẹ́ta. Raidz1 kì í sì í gba iye tí kò ṣeé pín sí méjì, ó máa fi ege òfìfo kan kún un ni, ó di mẹ́rin. Bíi dẹ́rẹ́bà tó ní òun ò ní gbéra pẹ̀lú èrò mẹ́ta, àfi kí ẹ̀yin mẹ́ta dáwó san àyè kẹrin. Ohun tó fi hàn ní 145 dípò 150 tàbí 200 ni pé block 128K ni ZFS fi ṣírò àyè tó kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ní, ó sì ti yọ parity irú block bẹ́ẹ̀ kúrò ṣáájú.

Mo dá dísìkì VM tuntun ní 16K, torí volblocksize kò ṣeé yí padà lẹ́yìn tí èèyàn bá ti dá a. Ege mẹ́rin, parity méjì (ege mẹ́ta ni ìlà kan ń gbà lórí dísìkì mẹ́rin, ẹ̀kẹrin bọ́ sí ìlà kejì tó ní parity tirẹ̀), mẹ́fà, kò sí òfìfo. 109G. Mo pariwo débi pé àbúrò mi sáré wọlé.

Ibẹ̀ ni mo rò pé màá parí ìròyìn yìí sí. Mo wá tan VM mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ń wọ́ bí ìgbín. Tó bá dọ̀rọ̀ ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ káàkiri, raidz1 kan kò yára ju dísìkì kan ṣoṣo lọ. Mo ti pa èrò dà: mirror méjì ni, dísìkì méjì méjì tó ń gbé ẹ̀dà kan náà. Mo mọ̀ pé 6TB á di 4TB, ó dùn mí, àmọ́ VM ni mo ń gbé síbẹ̀, kì í ṣe fíìmù.

Kí n sọ ti dísìkì kẹrin kí n má gbàgbé. Tòkunbọ̀ ni, láti Èkó, mo gba wébìlì ẹ̀ ní gáréèjì. Ẹni tó tà á ní, "Ọ̀gá mi, kò tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀." smartctl, àṣẹ tó ń sọ ìlera dísìkì, ní wákàtí 38,412, ó lé ní ọdún mẹ́rin tó ti ń yí! Reallocated (ibi tó bàjẹ́ tí dísìkì ti pààrọ̀) jẹ́ 0, Pending (ibi tó ń fura sí) jẹ́ 0, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àwòrán smartctl kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì rí i dájú pé kì í ṣe SMR, irú dísìkì tí ìlà ìkọ̀wé rẹ̀ gun ara wọn, tó sì máa ń lọ́ra láti kọ. Mo fi arúgbó yìí ṣe ìkejì èyí tó kéré lọ́jọ́ orí jù, kí arúgbó méjì má bàa wà nínú mirror kan.

Mo ti kó gbogbo VM sórí dísìkì ìta, mo ba pool àtijọ́ jẹ́, mo tún un kọ́ pẹ̀lú orúkọ by-id, tó ní nọ́ńbà dísìkì gan-an nínú, torí orúkọ bíi sda lè di sdc lẹ́yìn ríbúùtù. VM ohùn ti padà: 100GB tó lé díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Mo fi sha256sum, àṣẹ tó ń gba àmì ìdánimọ̀ fáìlì, wo fáìlì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ti dísìkì ìta, gbogbo ẹ̀ bára mu. Mo ṣí ti ìyá bàbá mi, ohùn wọn jáde kedere, àti ìró omi tí ẹnì kan ń dà sínú ìkòkò lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ náà.

Apá karùn-ún á dá lórí bí server á ṣe máa pa ara rẹ̀ kí bátìrì íńfátà tó tán. Iná ti lọ láti aago mọ́kànlá. Scrub, tí ZFS fi ń ka gbogbo dátà láti wá àṣìṣe, ti dé 71%, kò tíì rí àṣìṣe kankan.