Ilé òkè, ilé ìsàlẹ̀: abà àwọn ará Wales àti abà tiwa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Cardiff ní Wales bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù St Fagans, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ ká wọlé, kẹ́ ẹ wo ilé Cilewent. Àfonífojì Claerwen láàárín àwọn òkè ni wọ́n ti tú u wá tún tò síbẹ̀, nǹkan bíi 1470 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, 1734 ni wọ́n wá fi òkúta tún un kọ́. Láyé ìgbà yẹn, ilẹ̀kùn kan náà lèèyàn àti màlúù jọ ń gbà wọlé o, màlúù á yà sápá kan, bàbá àti ìyá àtọmọ á yà sápá kejì, abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo.

Àwọn èèyàn wa á ní ìṣẹ́ ni. Kì í ṣe ìṣẹ́ rárá! Ẹni tó bá ti rí òtútù orí òkè ibí á mọ̀ pé ooru ara màlúù ò ṣeé fi ṣòfò, màlúù ọ̀hún sì lowó wọn, ta ló máa jẹ́ kówó ẹ̀ sùn síta? Ibi tílẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ irú ilé yẹn sí, wọ́n á so màlúù sápá ìsàlẹ̀ kí ìtọ̀ ẹ̀ lè máa ṣàn jáde, kó má dé ibi táwọn ń sùn. Lọ́dọ̀ tiwa ewúrẹ́ lásán ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn là ń wá kiri, ìdí nìyẹn tí àgbàlá àárín agboolé fi ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé méjì táwọn àgbẹ̀ Wales máa ń ní láyé àtijọ́ ló wọ̀ mí lára jù. Hendre nilé ìsàlẹ̀, hafod ni torí òkè. Tó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún wọ́n á da màlúù gòkè lọ síbi koríko tútù, wọ́n á máa fún wàrà, wọ́n á máa ṣe bọ́tà àti ṣíìsì níbẹ̀, kí ọkà ìsàlẹ̀ lè ráyè dàgbà láìsẹ́ran tó máa jẹ ẹ́, ó di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Abà nìyẹn kẹ̀! Bàbá bàbá mi nílé n'Íbàdàn, wọ́n sì ní abà kòkó lọ́nà Akanran, àmọ́ tiwọn ò ní déètì kankan, iṣẹ́ oko ló ń mú wọn lọ, Iléyá tàbí òkú ẹbí ló ń dá wọn padà sílé.

Nígbà tó yá àgùntàn gba òkè lọ́wọ́ màlúù ní Wales, àgùntàn ò sì nílò ẹni tó máa sùn tì í kó lè máa fún wàrà láràárọ̀, bí hafod mìíràn ṣe dahoro nìyẹn, àwọn tó kù di oko táwọn èèyàn ń gbé títí ọdún fi ń parí. Abà bàbá wa náà ti di abúlé, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ò nílé mìíràn n'Íbàdàn mọ́.