Ìbéèrè kẹrìnlá

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Mo ti délé láti ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lónìí fún ìwádìí wa ò ríran. Àbúrò wọn ọkùnrin ló ṣílẹ̀kùn, òun ló gbé àga fún mi, òun náà ló sì dáhùn nígbà tí mo ka ìwé ìfọwọ́sí tán: "Wọ́n ti gbà. Ẹ máa bi wọ́n lọ." Mo ti gbé bírò kí n tó rántí pé ìyá fúnra wọn ò tíì lanu.

Mo bá gbé ìwé sílẹ̀, mo kọjú sí wọn, mo tún gbogbo rẹ̀ sọ: ohun tí à ń wá, bó ṣe máa pẹ́ tó, pé wọ́n lè kọ̀, pé wọ́n lè dá mi dúró níbikíbi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Tí mo bá kọ̀, ṣé wọn ò ní yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà báyìí, kí ló fẹ́ fi kọ̀? Láti 1932 títí di 1972, àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣọ́ nǹkan bí 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní Tuskegee. 399 nínú wọn ló ní syphilis, àrùn kan tí ìbálòpọ̀ máa ń kó ranni. Àwọn oníṣègùn náà ò sọ àrùn tó ń ṣe wọ́n fún wọn, wọn ò sì fún wọn ní penicillin nígbà tó di oògùn àrùn náà. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ àti owó ìsìnkú ni wọ́n fi ń fà wọ́n mọ́ra. Àwọn náà sọ pé bẹ́ẹ̀ni.

Mo fi dá ìyá lójú pé iṣẹ́ wa ò kan ètò ìrànlọ́wọ́ rárá, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò sì ní rí ìdáhùn wọn. Ìgbà náà ni wọ́n gbà.

A dé ìbéèrè kẹrìnlá: ṣé ẹnì kan nínú ilé ti na yín rí? Ọwọ́ àbúrò wọn wà lẹ́yìn àga wọn. Ìtọ́ni Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí irú ìwádìí yìí ò fi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹni tí à ń bi gbọ́dọ̀ dá wà, ọmọ tó ti ju ọdún 2 lọ pàápàá ò gbọdọ̀ sí nítòsí. Mo ṣí ojú ìwé tí a tọ́jú fún irú èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa oorun àti orí fífọ́. Ó sú àbúrò wọn. Fóònù rẹ̀ dún, ó bọ́ síta.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní ìbéèrè kan wà tó kan ìwà ipá inú ilé, ṣé kí n béèrè? Wọ́n wá ọwọ́ mi rí, wọ́n dì í mú. "Fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ mi."

Mo kọ "kò fẹ́ dáhùn." Àwọn kan níbi iṣẹ́ máa ń ka irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ tí a ò ṣe tán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì máa sọ ọ́ lójú gbogbo wọn lọ́la.

Gbogbo ẹni tí a bá bi là ń fún ní nọ́ńbà ibi ìrànlọ́wọ́, ì báà dáhùn, ì báà má dáhùn. Orí ìwé la máa ń kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ta ló máa kà á fún wọn nínú ilé yẹn? Mo ń pè é sí wọn létí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń pè é padà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí àbúrò wọn wọlé, ọ̀rọ̀ oorun la tún ń sọ.