Ère Edmontosaurus: orí, ọwọ́ àti ẹ̀gún ìrù

Egungun wáyà ère Edmontosaurus annectens mi ti dúró dáadáa, amọ̀ sì ti bo ara rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù. Dáínósọ̀ ajewéko ni, ó gbé ìwọ̀-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, àgbà rẹ̀ sì lè gùn tó mítà 12. Ìdá kan nínú 40 ni mo fi ń mọ ọ́n, ìyẹn ni pé ère náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Mo na ìrù rẹ̀ gbọọrọ sẹ́yìn, n kò jẹ́ kó máa wọ́ ọ nílẹ̀ bí àwọn ayàwòrán àtijọ́ ti ń ṣe, nítorí pé àwọn iṣan tó ti le di egungun ló di ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìrù rẹ̀ mú.

Orí ló gba sùúrù jù. Ẹni tó bá wo agbárí lásán yóò mọ ẹnu pẹlẹbẹ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ère orí àtẹ ṣe rí. Ṣùgbọ́n agbárí kan tó wà ní mùsíọ́mù ìlú Los Angeles ṣì ní àmì àgógó tó bo egungun náà, ó sì hàn níbẹ̀ pé àgógó òkè gùn kọjá egungun, ó sì dorí kodò síwájú ẹnu. Mo ti fi amọ̀ kún ti èmi bẹ́ẹ̀. Àgógó yìí ló fi ń já ewé àti ẹ̀ka igi. Eyín inú, tí wọ́n jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí wọ́n tò lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí, ló ń lọ̀ ọ́, bí èyí tó wà lókè bá sì ti gbó tán, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ a gba ipò rẹ̀. Ẹnu ère náà pa dé, nítorí náà eyín kò ní hàn, àmọ́ mo fún un ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí n kò rí bí ẹran tó ń lọ oúnjẹ tó báyìí yóò ṣe jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.

Ní ti ọwọ́, òkú gbígbẹ Edmontosaurus kan tí Charles H. Sternberg àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ rí ní Wyoming ní ọdún 1908, tó wà ní American Museum of Natural History báyìí, ni mo tẹ̀ lé. Awọ tó wà láàárín ìka rẹ̀ mú kí àwọn onímọ̀ ìgbà náà rò pé odò ló ń wẹ̀. Lónìí, a mọ̀ pé ẹran ló di àwọn ìka náà pọ̀, kó lè fi wọ́n tẹlẹ̀. Mo di wọ́n pọ̀.

Ìwádìí tí Paul Sereno àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2025 ló yí ẹ̀yìn ère náà padà: ògbe ẹran láti ọrùn dé ẹ̀yìn, ẹ̀gún ẹlẹ́ẹ̀kan-ẹlẹ́ẹ̀kan lórí ìrù, àti pátákò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ìpẹ́ ara rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní hàn ní ìwọ̀n yìí, nítorí náà n kò fín in rárá; ẹ̀gún ni mo ń gbẹ́. Ní mùsíọ́mù ìlú Denver, ìrù Edmontosaurus kan wà tí apanijẹ ńlá kan ti bù jẹ lókè, tí ojú egbò náà sì jinná. Tyrannosaurus rex ni wọ́n fura sí. Ní ojú ibẹ̀ lórí ère mi, mo ti yọ ẹ̀gún díẹ̀ kúrò kí n tó gbé e sínú ààrò.