Owó tí wọ́n ń gé lára owó oṣù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan níbí ní Òṣogbo. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Tóṣù bá parí, tí wọ́n ka ọjà tí ò pé, wọ́n á pín gbèsè náà fún gbogbo òṣìṣẹ́, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ àti ẹni tí ò mọ̀. Lóṣù tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gé ìdajì owó rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn."

Òótọ́ ni, àmọ́ kò bófin mu. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba Gowon ṣe ní 1974 ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé òfin yẹn. Ọ̀gá ò gbọdọ̀ gé owó òṣìṣẹ́ torí ohun tó sọnù, àfi tí òṣìṣẹ́ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tí kò kọbi ara sí iṣẹ́ rẹ̀, kí ọ̀gá sì ti kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá lébọ̀ ìjọba. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì gé lóṣù kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Ẹ má rò pé àánú ló bí irú òfin bẹ́ẹ̀. Rélùwéè ni bàbá bàbá mi ṣe ní Òṣogbo níbí, orúkọ Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Láti 1938 ni òfin òyìnbó ti gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láàyè, ṣùgbọ́n nígbà ogun Hitler, ọjà gbówó lórí, owó oṣù dúró sójú kan. Nígbà tí Imoudu ò gbà, wọ́n fi í sí àtìmọ́lé ní 1943. Ní Òkúdù 1945, kété tí wọ́n dá a sílẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ilé ìfìwéránṣẹ́ àtàwọn míì yanṣẹ́ lódì fún ohun tó lé lóṣù kan. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Enugu, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà èédú 21 lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wọn.

(Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: 70,000 náírà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù ò kan ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá tó 25. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìlú yìí fi ń san ohun tó wù wọ́n.)

Mo ka abala 5 yẹn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Àǹtí, tí mo bá lanu, wọ́n á ní kí n máa lọ ni." Kò parọ́. Kò tíì pé ọdún níbẹ̀. Abala 11 nínú òfin kan náà ní kí wọ́n fún irú rẹ̀ ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n tó lé e, kò sì ní kí ọ̀gá sọ ìdí. Ibí yìí ni òfin wa ti rọ jù, lójú tèmi. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó yẹ kó ti gbà kóṣù mẹ́ta tó pé gan-an, kò rí i gbà.

Ó ní òun á kọ́kọ́ bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀, pàápàá ìyá kan tó ti lò ju ọdún márùn-ún lọ níbẹ̀. Ìyẹn, oṣù kan gbáko ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un kí wọ́n tó lé e.